Ààwẹ̀ Kọ́ Ni Ohun Àkọ́kọ́ Tí Ẹni Tí Ayé Sú Nílò

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ìyànà Ọ̀fà àti àwọn abúlé tó yí wa ká gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta gààrí wá bá wa. Ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu òun, ayé ti sú òun. Kí la ṣe? A ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ó sì gbà á. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwa kọ́. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sọ́jà. Ṣùgbọ́n títí dòní, ojú ṣì ń tì wá. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ la tún fi ebi pa!

Ẹ wo Èlíjà. Lẹ́yìn tí iná ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Wòlíì ńlá ni o! Áńgẹ́lì ò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un lóúnjẹ àti omi, ó tún jí i kó jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, iṣẹ́ ọ̀tá ńkọ́?" A ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tá à ń sọ ni pé àdúrà àti oògùn kì í bára wọn jà. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kí mọ̀lẹ́bí wọn kan máa bá wọn gbé ibẹ̀, kí dókítà sì máa tọ́jú wọn. Ó ti mọ̀ pé oògùn nìkan ò tó, èèyàn nílò èèyàn.

Nítòsí wa níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan n'Íbàdàn àti ní Kumasi, ní Gánà, tó jáde lọ́dún 2020. Aláìsàn 307 ni, àìsàn tiwọn sì le ju ti ìyá yìí lọ. Ilé àwọn wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n wà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń wá bá wòlíì tàbí oníṣègùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju tàwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà lọ. Wòlíì ò fi àdúrà sílẹ̀ o!

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa, tí ẹnì kan bá ní ayé sú òun, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ bá a dé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí. Tó bá ju agbára wọn lọ, ẹ bá a wọkọ̀ dé Iwo Road, kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ lọ sí UCH, wọ́n ní dókítà ọpọlọ níbẹ̀. Kí ìjọ yọ owó ọkọ̀ àti owó oògùn nínú owó ọrẹ.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, tí oorun ò kùn ọ́ mọ́, má tìtorí ohun táráyé máa sọ dákẹ́. Sọ fún ẹnì kan lónìí. Èlíjà náà sọ ọ́ jáde.

Olúwa á fún gbogbo wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.