Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Lo Mẹ́mórì Káàdì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo olùkọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni òfin ti wà pé wọn ò gbọ́dọ̀ rí mẹ́mórì káàdì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á, ó di ìparí ọdún. Èrò tèmi ni pé kí ilé-ìwé tún òfin yẹn wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní SS1, wọ́n ní kí gbogbo wa fi áàpù ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì wa kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tábúlẹ́ẹ̀tì tèmi, 16GB ni. Bí mo ṣe ní kí áàpù wọlé báyìí, ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé kò sí àyè mọ́. Mo pa orin rẹ́, kò tó. Mo pa fọ́tò rẹ́, kò tó. Ó wá ku fídíò kan ṣoṣo tó tóbi, ó lé ní 3GB.

Fídíò ìyá àgbà mi ni, ìyá tó bí màmá mi, ní Ìsẹ́yìn. Mo yà á nígbà ọdún Kérésì, odidi ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ilé ahunṣọ ni wọ́n ti bí ìyá àgbà. Nínú fídíò yẹn, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, wọ́n ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń dá sányán, àlàárì àti ẹtù mọ̀ yàtọ̀ síra, wọ́n sì fi oríkì bàbá tó bí wọn parí ọ̀rọ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pa iná. Mo pa fídíò náà rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá délé, màá tún òmíràn yà.

Mo délé ní ìsinmi, mo bẹ ìyá àgbà, wọ́n sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi oríkì bàbá wọn, wọ́n sọ díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ó ku ibi tí ẹ ti dárúkọ ìlú tí bàbá yín ti wá." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Èmi náà ò rántí orúkọ ìlú náà. Mi ò gbé e sórí nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí mo rò pé ó ti wà nínú ẹ̀rọ.

Áàpù tí mo torí ẹ̀ pa á rẹ́, mo lè gbà á padà lọ́jọ́kọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ńkọ́?

Nígbà yẹn, òfin yìí ò tíì dé. Àìmọ̀kan tèmi ló fà á. Ihò káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, mi ò mọ ohun tó wà fún. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí a ti mọ̀, òfin ló ní ká má lò ó. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹlòmíràn nínú wa máa ṣe ohun tí mo ṣe, kò sì ní jẹ́ àìmọ̀kan tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́, àwọn olùkọ́ wa nídìí tí wọ́n fi ṣòfin. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Káàdì kan tí fíìmù kún inú ẹ̀ lè yí bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ká lóru ọjọ́ kan. Tó bá di àárọ̀, àwọn tó wo fíìmù á máa sùn ní kíláàsì, olùkọ́ á máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ló ń gbé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ṣé inú káàdì nìkan ni fíìmù lè gbé ni? Ẹni tí òbí rẹ̀ ra tábúlẹ́ẹ̀tì 64GB tàbí 128GB fún lè kó fíìmù tó wù ú sínú ẹ̀ láìní káàdì kankan. Òfin ò kàn án. Ta ni òfin wá mú? Ọmọ tó ní 16GB ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan tèmi, kí n tó fi ohunkóhun sí i, nǹkan bíi 9GB péré ló ṣẹ́ kù, torí ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́ ti gba ìyókù. Inú 9GB yẹn ni ìwé kíkà, áàpù àti fídíò ẹ̀kọ́ Físíìsì ti ń bára wọn jà. Owó òbí ò dọ́gba, a mọ̀. Káàdì ló jẹ́ kí ọmọ tálákà lè súnmọ́ ọmọ olówó díẹ̀, káàdì yẹn náà ni wọ́n wá gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Minna la wà, a ò sí nílé. Nínú yàrá tèmi, èèyàn mẹ́jọ ni wá. Haúsá, Nupe àti Gbagyi làwọn yòókù ń sọ, èmi nìkan ni ọmọ Yorùbá. Tá a bá yọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ kúrò, inú ẹ̀rọ nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá àwọn àgbà. Ẹni tó wà nílé lè rìn lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn iléèwé. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Káàdì tí à ń wí yìí, microSD lorúkọ rẹ̀, láti 2005 ló sì ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 15mm, ìbú rẹ̀ 11mm, kò sì nípọn ju 1mm lọ. Kì í ṣe gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì ló ní ihò rẹ̀ o. iPad kò ní. Láti ìgbà tí Android 6.0 ti jáde ní 2015, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan máa ń bi èèyàn léèrè bó ṣe fẹ́ lo káàdì. Ọ̀nà kìíní ni pé kí káàdì di ara tábúlẹ́ẹ̀tì. Áàpù á lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn á tì í pa, ẹ̀rọ mìíràn ò ní lè kà á. Tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, ohun tó wà nínú káàdì bá a lọ nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí káàdì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí à ń gbé kiri. Áàpù á wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ìwé, fọ́tò, ohùn àti fídíò á kó lọ sínú káàdì, kọ̀ǹpútà yòówù sì lè ṣí i.

Ọ̀nà kejì yìí ló yẹ wá. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa lè ti káàdì bẹ́ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n sì rí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó rọrùn ju kí wọ́n máa tú inú tábúlẹ́ẹ̀tì olówó lọ. Káàdì tí olùkọ́ lè ṣí nígbàkigbà, kí ló wá ń bani lẹ́rù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, torí káàdì kì í ṣe àpótí irin. Ní ìsinmi yẹn, mo ra ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. 128GB ni wọ́n kọ sára ẹ̀, owó ẹ̀ kéré, inú mi dùn. Mo da gbogbo nǹkan mi kọ sínú rẹ̀, títí kan fídíò kejì tí mo ya fún ìyá àgbà. Bí mo ṣe ṣí fídíò náà, kò ṣí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Àṣé káàdì 8GB ni, wọ́n kàn yí inú ẹ̀ padà kó lè máa purọ́ iye fún ẹ̀rọ ni. Ohun tó yọ mí ni pé mi ò tíì pa èyí tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ́.

Nítorí náà, ẹ ra káàdì yín ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní rìsíìtì. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an. Ètò kan wà tó ń jẹ́ H2testw tí a lè lò lórí kọ̀ǹpútà Windows; ó máa ń kọ nǹkan kún inú káàdì, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀ jóòótọ́. Kí ẹ tó dán an wò, kó má ṣe sí nǹkan yín nínú rẹ̀. Ẹ má kàn fa káàdì yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Settings, ẹ wá Storage, kí ẹ tẹ Eject. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ohun tí a kò lè rí rà lọ́jà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì, ó kéré tán.

Àbá mi rèé. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí káàdì kan ṣoṣo, kó má ju 32GB lọ. Èkejì, kí wọ́n kọ orúkọ oníkáàdì sínú ìwé lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà lè ṣí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń yẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì wò. Ẹni tí wọ́n bá bá fíìmù nínú káàdì rẹ̀, kí wọ́n gba tirẹ̀, kí wọ́n má gba ti ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa ní káàdì tiwa. Kí kálukú gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ nílé nígbà ìsinmi, ká kó o jọ sínú káàdì ẹgbẹ́ àti kọ̀ǹpútà iléèwé. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á wà.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fíìmù òru ni orí tó ń fọ́ àwọn olùkọ́ wa, a sì bá wọn kẹ́dùn. Àmọ́ káàdì yìí náà ni ìwé kíkà wa, òun náà sì ni ohùn àwọn tó bí àwọn òbí wa.

Èmi ti ra káàdì 32GB gidi. Ilé ni mo fi í sí, mi ò gbé e wá síbí, torí òfin ṣì ni òfin títí wọn yóò fi yí i padà. Tí ìsinmi gígùn bá dé, màá padà sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà kan ṣì wà láyé, wọ́n ní bàbá náà mọ oríkì bàbá wọn dáadáa. Tí mo bá rí orúkọ ìlú yẹn gbọ́, màá kọ ọ́ fún yín nínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan, SS2