Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Ẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí òbí ẹ̀ ní fóònù àti àkáǹtì báńkì.

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi yá owó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù, láti fi kún owó ọjà. Kí iléeṣẹ́ náà tó yá wọn lówó, ó gba orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn. Màmá mi san owó náà tán, kò ku kọ́bọ̀. Àfi bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí ọkùnrin kan pè wọ́n, tó lóun ń pè láti báńkì wọn. Ó pe orúkọ wọn pé pérépéré. Ó sọ ọjọ́ ìbí wọn. Ó sọ iye tí wọ́n yá àti ọjọ́ tí wọ́n san án tán. Ó ní olè kan fẹ́ wọ àkáǹtì wọn, kí wọ́n tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fóun kóun lè dí ọ̀nà. Màmá mi kà á. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, álàátì dé: ₦46,000 ti lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iléeṣẹ́ ayánilówó yẹn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ pé àwọn kan ti já wọ kọ̀ǹpútà òun, wọ́n sì ti kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà kan lọ. Ó ní kí màmá mi máa ṣọ́ra. Ó parí.

Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun táwọn èèyàn sọ ló dùn mí jù. Aládùúgbò wa kan ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, ta ló ní kẹ́ ẹ ka OTP fún un?" Látìgbà yẹn, ojú ń ti màmá mi láti sọ ọ́ níbikíbi.

Òótọ́ ni, kò yẹ ká ka OTP fún ẹnikẹ́ni. Báńkì ò ní pè wá láti béèrè ẹ̀ láé. Màmá mi ṣe àṣìṣe, àwọn náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ló fún ọkùnrin yẹn ní ọjọ́ ìbí màmá mi? Ta ló sọ iye tí wọ́n yá fún un? Ká ní kò mọ nǹkan kan nípa wọn ni, wọn ì bá ti pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Bí alágbàfọ̀ bá sọ aṣọ ẹ nù, ṣé wàá fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run? Wàá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ni. Aṣọ tiẹ̀ sàn, a lè ra òmíràn. Ta ló lè ra ọjọ́ ìbí òmíràn? Iléeṣẹ́ tó ní dandan ni ká kó ọ̀rọ̀ ara wa fóun ti gba ẹrù sọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn bí ẹrù bá sọnù.

Kì í ṣe èmi nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀, òfin sọ bẹ́ẹ̀. A ní Òfin Ààbò Dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023. (Kì í ṣe dátà tá a fi ń wo TikTok o! Ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni ló ń sọ.) Abala 40 òfin náà ní bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tó sì lè kó bá àwọn tó ni ín, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Bí ewu ẹ̀ bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fẹ́ni tọ́rọ̀ kàn náà lójú ẹsẹ̀, lédè tó yéni, kó sì sọ ohun tónítọ̀hún lè ṣe láti dáàbò bo ara ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè wa fún iléeṣẹ́ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ wo lẹ mọ̀? Bó bá ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ Sátidé yẹn, tó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ta ló ní kẹ́ ẹ ka OTP."

Iléeṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin yìí lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. NDPC lè ní kó san owó gbà-má-bínú fẹ́ni tó fara gbá a. Abala 51 sì fún onítọ̀hún láyè láti pè é lẹ́jọ́ fúnra ẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ kọ́kọ́ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì pa. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà tó pè sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Bí báńkì ò bá yanjú apá tiẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, CBN. Ẹ gbé ti àkọsílẹ̀ tó sọnù lọ sí NDPC. FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, náà ń gba ẹ̀sùn. Bó bá di ti ilé ẹjọ́, tí kò sówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún àwọn tí ò lówó lọ́wọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹjọ́ kì í sọni dolówó. Lọ́dún 2017, ní Amẹ́ríkà, àwọn kan kó àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 èèyàn ní Equifax, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìròyìn nípa gbèsè àwọn èèyàn. Ihò kan wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Oògùn ihò náà ti jáde, wọn ò kàn lò ó ni. Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ náà gbà láti san ó kéré tán mílíọ̀nù 575 dọ́là. Wọ́n sọ pé ẹnìkan lè gba 125 dọ́là, ṣùgbọ́n àwọn tó béèrè pọ̀ débi pé ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré gan-an síyẹn.

Kí wá ni àǹfààní ẹ̀? Iléeṣẹ́ tó bá mọ̀ pé a ò ní sọ̀rọ̀ ò ní náwó sórí àgádágodo. Bí ẹnìkan bá kọ̀wé, ó lè sọ ọ́ nù. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kọ̀wé, á di dandan kó tún ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe.

Èmi àti màmá mi ti kọ tiwa. Ìdáhùn ò tíì dé. Bí oṣù yìí bá parí tí iléeṣẹ́ náà ò fèsì, NDPC ló kàn. Mo ti bẹ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa pé ká máa jókòó ní láíbìrì lásìkò ìsinmi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ká máa bá òbí ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà. Mo sì ń bẹ àwọn olùkọ́ Civic Education wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa ní òfin yìí kó tó di pé a gba BVN tiwa.

Màmá mi ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí, pé ojú á ti àwọn. Mo ní kì í ṣe àwọn ló yẹ kójú tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ ọ́.