Egbò Ni Oògùn, Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kọ́

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ; ẹni tí ó bá sì bí i kò ní ṣàì gbé ọmọ náà lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá ti ní ìwòsàn wà, ìbáà jẹ́ ilé oníṣègùn, ìbáà jẹ́ ilé àdúrà, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn dọ́kítà ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí. Èmi kò bá irú òbí bẹ́ẹ̀ jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbàgbọ́ àwọn kan pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán wà lára oògùn.

Kí á má purọ́ mọ́ àwọn baba wa: wọ́n ní oògùn. Egbò igi asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wà, tí wọ́n ń fún aláìsàn mu títí oorun yóò fi gbé e lọ. Raymond Prince, dọ́kítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Àrò, sì kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1960. Inú egbò yìí ni èròjà tí à ń pè ní reserpine wà, èyí tí àwọn onímọ̀ Switzerland ti yọ ní 1952 láti ara ìbátan igi náà tí ó ń hù ní Índíà. Ní 1957, Arvid Carlsson ti ilẹ̀ Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, wọ́n sì wà lójú kan bí ẹni tí a dè mọ́lẹ̀, nítorí pé oògùn náà ti gbá dopamine, tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tán. Ìgbà tí ó fún wọn ní L-dopa, tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamine, ni wọ́n tó dìde. Ẹ̀bùn Nobel ti 2000 kàn án nítorí iṣẹ́ náà.

Nínú àìsàn tí àwọn dọ́kítà ń pè ní schizophrenia, dopamine a máa pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ní apá kan nínú ọpọlọ. Dopamine yìí wà lára ohun tí ń sọ fún wa pé, "Kíyè sí èyí". Bí ó bá ti wá pọ̀ jù, fèrè ọkọ̀, ikọ́ aládùúgbò, ohùn rédíò, gbogbo rẹ̀ a di iṣẹ́ tí a rán sí aláìsàn nìkan. Reserpine ń dín dopamine kù; chlorpromazine, oògùn ilé ìwòsàn, ń dí ibi tí dopamine ń bà sí. Pàṣán kò dín in kù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí asínwín bá rọlẹ̀ nínú ìdè, egbò ni ó ṣiṣẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ó gba ìyìn.

Síbẹ̀, egbò tí a kò wọ̀n lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí ara sì le gbagidi. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ oògùn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Adéoyè Lambo, dọ́kítà ọpọlọ ní Àrò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, kò fi oògùn nìkan ṣe é: láti 1954 ni ó ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé Àrò, pẹ̀lú ẹbí wọn, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá a ṣiṣẹ́.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó: ẹ̀tọ́ ni kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa rán nọ́ọ̀sì lọ sí ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà, kí wọ́n ka àwọn tí ó wà nínú ìdè, kí wọ́n gbé oògùn tí a wọ̀n dání, kí oníṣègùn tí ó bá sì gbà láti tú wọn sílẹ̀ máa bá àwọn nọ́ọ̀sì náà ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá Lambo ṣiṣẹ́.