Mac Tí Kò Lè Kọ Ìjẹ̀bú-Òde

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àkójọ náà á tún dé: áàpù mẹ́wàá, áàpù méjìlá, áàpù ogún tí ẹni tó bá ní Mac kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ẹnìkan nílẹ̀ òkèèrè ló ń kọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde á sì máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Èyí tó ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì wà níbẹ̀. Èyí tó ń tọ́jú ohun tí a bá kọ́pì wà níbẹ̀. Èyí tí kì í jẹ́ kí Mac sùn wà níbẹ̀. Èyí tó ń kó àwọn àmì wẹ́wẹ́ orí ìlà òkè pamọ́ kí ojú lè mọ́, òun náà kò gbẹ́yìn. Èyí tí yóò jẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú kọ orúkọ ìlú rẹ̀ bó ṣe tọ́ nìkan ni kì í sí níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní àwọn áàpù wọ̀nyẹn kò wúlò. Rectangle, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, máa ń to iṣẹ́ sápá ọ̀tún àti òsì bí ìyálọ́jà ṣe ń to iṣu sórí àtẹ. Maccy a máa rántí ohun tí a kọ́pì láàárọ̀ tí a ti gbàgbé. Amphetamine kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tòògbé nígbà tí fíìmù ìgbéyàwó bá ń jáde lọ́wọ́. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n áàpù àkọ́kọ́ tí Mac nílò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni kíbọọ̀dù tó mọ Yorùbá kọ. Títí ìyẹn yóò fi wà lórí rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni gbogbo ìyókù.

Àwọn kan á ní Mac kò kan Ìjẹ̀bú-Òde, pé nǹkan àwọn ará Lẹ́kkí ni. Irú wọn kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kankan ní Fọlágbadé lọ́sẹ̀ Iléyá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí Apple ti gbé MacBook Air tó ní ṣíípù M1 jáde, ẹ̀rọ tí kò ní fáànù, tí bátìrì rẹ̀ ń báni dé alẹ́, ni àwọn tí iná mọ̀nàmọ́ná ń fojú wọn gbolẹ̀ ti rí ìdí láti fẹ́ ẹ. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, Òtígbà ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń rà á, owó àjọ sì ni àwọn mìíràn fi rà á. Ayàwòrán ń lò ó, aránṣọ tó ń ya sítáì ń lò ó, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìjàgun ń lò ó. Mac ti di irin iṣẹ́ nílùú yìí, bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe àkójọ tó bá ilé mu, kó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí iná kì í lọ ní ilé wọn. Àwọn áàpù tó mọ ìṣòro ibí wà. AlDente ń dá bátìrì dúró lórí 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó má baà tètè darúgbó, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò ní owó bátìrì tuntun. TripMode ń dí àwọn áàpù tó ń jẹ dátà ní kọ̀rọ̀ nígbà tí a bá so Mac mọ́ fóònù. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti gbà fún wọn ní oṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n fi ohun tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ìwúlò ìyẹn fún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bátìrì pẹ́, dátà ò tètè tán, ẹ̀rọ ò sùn: láti kọ kí ni? Láti kọ “Ijebu Ode” ní ìhòòhò, láìsí àmì lórí, láìsí àmì ní ìdí.

Àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbé dé lánàá. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí ní 1974. Láyé tàípúràítà, akọ̀wé á tẹ lẹ́tà tán, á yọ bébà, á wá fi bírò ta àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ata sílẹ̀ lọ́jà. Àwọn yẹn ní àwáwí. Mac tó ń dá fíìmù gé, tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ nínú fọ́tò, kò ní.

Ohun tó ń bíni nínú jù ni pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà nínú ẹ̀rọ látilẹ̀. Ẹni tó bá wọ System Settings, tó wọ Keyboard, tó lọ sí Input Sources, yóò rí ABC – Extended níbẹ̀. Kó yàn án. Láti ìgbà náà lọ, Option àti x, lẹ́yìn náà o, á di ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ṣ. Option àti e, lẹ́yìn náà a, á di á. Option pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lókè Tab, lẹ́yìn náà a, á di à. Bí ó bá fẹ́ kí ọ gbé àmì lórí, kó kọ ọ tán kó tó tẹ Option, Shift àti e, àmì náà á lọ gùn ún lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọwọ́ fi ń mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbàgbé pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tí ìyẹn bá nira fún, kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́ tí YorubaName, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, gbé jáde fún Mac àti Windows wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí tàbí ìyẹn, kó fi Ukelele ti SIL ṣe tirẹ̀, òun náà kì í gbowó.

Ẹ sì wo ohun tí à ń pàdánù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 2024, ọdún Ojúde Ọba, tí Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, gba gbogbo ayé kan. Fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti fínfín lápá, rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kò tíì dé rí. Lórí Mac ni ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán ti ṣe fọ́tò ọjọ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́: àwọ̀ aṣọ òfì ń dán, eruku ẹsẹ̀ ẹṣin ń tàn bí wúrà. Wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: “Ojude Oba”. Èèyàn lo wákàtí mẹ́ta lórí àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹṣin, kò wá lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti fi àmì sídìí ọba. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà, ẹgbẹ́ ojúgbà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń ná owó lórí bánà bí ẹni ń da omi, ẹ wo orúkọ wọn: Bọ́bagbìmọ̀, àwọn tó bá ọba gbìmọ̀, ni bánà sọ di “Bobagbimo”, ọ̀rọ̀ tó dún bí orúkọ oògùn ikọ́. Nígbà tí ọba Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́, ìdárò tú jáde láti orí Mac lọ́tùn-ún lósì. Mélòó ló fi àmì sí Awùjalẹ̀?

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá nínú ìṣirò, òótọ́ sì ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ ìyàtọ̀ láàrin owó àti òwò dáadáa lọ́jà Òkè-Ajé, kò mọ̀ ọ́n mọ́ tó bá dé orí Mac. “Owo” ni méjèèjì. “Owo” náà ni ọwọ́, “owo” ni ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀, “owo” ni ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà.

Àwáwí wá pọ̀ bí eṣú. Wọ́n ní àwọn tó bá kà á á mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ẹni tó bá wọ agbádá tí kò ní apá kan, a ṣáà mọ̀ pé agbádá ni. Wọ́n ní fọ́ǹtì aláràbarà kò gbà á, pé àmì á fò lọ síbi tí kò kàn án. Kí wọ́n lo fọ́ǹtì mìíràn. Noto ti Google gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Text Replacements wà nínú Mac kan náà: èèyàn lè sọ fún un pé bí òun bá ti tẹ ijb, kó kọ Ìjẹ̀bú-Òde jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn fi ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn oníbàárà wọn ńkọ́, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni? Èyí tó tún ń jáde lẹ́nu wọn báyìí ni pé ẹ̀rọ tó gbọ́n á fi àmì sí i fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń gbọ́n. Bí ìhòòhò la bá kọ fún un, ìhòòhò ni yóò kọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé àìlówó ló dá wọn dúró, ì bá tún yé èèyàn. Àwọn kan náà tó ń sọ pé kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́ ń fi àkókò wọn ṣòfò ni wọ́n ń san owó oṣooṣù fún àwọn áàpù inú àkójọ yẹn. Ọ̀rọ̀ sísan lóṣooṣù yìí sì tó ohun tí a ń dúró lé lórí díẹ̀. Ta ló ń yá asẹ́ gààrí lóṣooṣù? Ta ló ń san háyà lórí ọ̀bẹ? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá aláta ná ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú lórí àádọ́ta náírà, òun ló ń fi dọ́là márùn-ún sílẹ̀ lóṣù nítorí áàpù tó ń gbé àmì bátìrì láti ọ̀tún sósì. Kí náírà tó já ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là márùn-ún kò ju nǹkan bí 2,350 náírà lọ ní iye ìjọba. Ní ìparí 2024, ó ti lé ní 7,500. Áàpù náà kò yí padà. Àmì bátìrì náà ṣì wà lósì.

Ká má tiẹ̀ sọ ti káàdì. Láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti fi okùn so káàdì náírà mọ́lẹ̀ pé kó má ra nǹkan lókè òkun mọ́, kí àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní 2025. Láàrin rẹ̀, èèyàn ń bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham lókè òkun pé kó bá òun san owó áàpù. Ẹ̀gbọ́n rò pé owó ilé-ìwé ni!

Ohun tí wọ́n ń sanwó fún gan-an kì í pẹ́ kó tó di ọ̀fẹ́. Ní 2002 ni Apple gbé Sherlock 3 jáde, tó ń ṣe ohun tí áàpù Watson ti ń ṣe. Àwọn èèyàn Mac sì sọ Sherlock di ọ̀rọ̀ ìṣe fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìtò ojú iṣẹ́ sí ọ̀tún àti òsì wọ inú macOS fúnra rẹ̀ ní 2024. Ìrántí ohun tí a kọ́pì wọ inú Spotlight ní 2025. Èyí tí kò sì di ọ̀fẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: Bartender, tó ń kó àmì orí ìlà òkè pamọ́, ni wọ́n tà ní bòńkẹ́lẹ́ ní 2024, àwọn tó ń lò ó ni wọ́n fúnra wọn já a pé ọwọ́ mìíràn ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Ọlọ́jà tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ókè-Ajé láìsọ fún oníbàárà, ṣé wọ́n á tún padà síbẹ̀?

Kíbọọ̀dù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì yẹ ká padà sí. Àwọn kan tiẹ̀ ti jà fún un. Adé Oyegbọla àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ LANCOR ṣe KONYIN, kíbọọ̀dù gidi tó ní Shift lé ní méjì kí ọwọ́ lè rí gbogbo àmì èdè Nàìjíríà tẹ̀. Ní 2007 wọ́n gbé àjọ One Laptop Per Child, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọdé, lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó, wọ́n ní ètò kíbọọ̀dù àwọn ni wọ́n jí lò, wọ́n sì béèrè fún ogún mílíọ̀nù dọ́là. Èyí ó wù kó jàre, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn tí àmì ìdí ọ tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gbéra wọn lọ sílé ẹjọ́. Lónìí, ó wà nínú Mac lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ìjẹ̀bú-Òde gba àmì márùn-ún péré: mẹ́rin lórí, ọ̀kan nídìí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ìtòrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà bẹ ayàwòrán pé kó bá òun fi wọ́n sí bánà ìsìnkú ìyá òun. Ayàwòrán ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun. Ó wá yí padà sójú Mac rẹ̀, níbi tí ó ti ń yan àwọ̀ tí fóódà kọ̀ọ̀kan yóò máa ní.