Owó Àánú Ń Wá Ojú Ọ̀nà

  

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà wa ni ó bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé, "Tíṣà, gbogbo owó tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń gbà kiri pé àwọn yóò fi ran ogunléndé lọ́wọ́, ṣé ó tilẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀gàn. Ẹni tí ó fi òógùn wá owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn Tamil dá yín lóhùn."

Erékùṣù kan ń bẹ ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà tí à ń pè ní Sri Lanka. Àwọn Sinhala ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Tamil sì pọ̀ ní àríwá àti ìlà-oòrùn. Ní oṣù Keje 1983, lẹ́yìn tí àwọn ajàjàgbara Tamil pa ọmọ ogun ìjọba 13, àwọn jàǹdùkú dìde sí àwọn Tamil ní Colombo àti ní ìlú mìíràn. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun ilé àti ìsọ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni ogun ti gbóná láàrin ìjọba àti àwọn tí ń pe ara wọn ní Ẹkùn Tamil. Kò sì parí títí di oṣù Karùn-ún 2009.

Nígbà tí ogun náà le tán, ní oṣù Kẹsàn-án 2008, ìjọba ní òun kò lè ṣe onídùúró ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ àánú mọ́, ó sì ní kí wọ́n kúrò ní agbègbè Vanni tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Ẹkùn. Àwọn ará ìlú péjọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Kilinochchi, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ. Wọ́n lọ. Ní 2012, ìwádìí tí Àjọ náà ṣe fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé Àjọ já àwọn ènìyàn wọ̀nyí kulẹ̀.

Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti àgbáyé kò kúrò. Nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ dí, wọ́n gba ojú òkun. Láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún 2009, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn aláìsàn, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí ń tọ́jú wọn, tí iye wọn sún mọ́ 14,000, kúrò ní etíkun tí ogun há wọn mọ́. Òṣìṣẹ́ wọn mẹ́ta ni ó bá ogun náà lọ lọ́dún yẹn. Ẹ má ṣe rò pé ìhà kan ṣoṣo ni ó jẹ̀bi o. Ìgbìmọ̀ tí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn sọ ní 2011 pé ẹ̀sùn tí ó ṣeé gbà gbọ́ wà pé ọta àgbá ìjọba bọ́ lu ilé ìwòsàn, àti pé àwọn Ẹkùn ń yìnbọn lu ará ìlú tí ó bá fẹ́ sá jáde.

Ogun parí, ìyà kò parí. Ìjọba kó àwọn tí ó yè sí àgọ́. Èyí tí ó tóbi jù, Menik Farm nítòsí Vavuniya, gba ènìyàn tí ó lé ní 200,000. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, ọmọ ogun ń ṣọ́ ọ. Títí di oṣù Kejìlá 2009, wọn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn jáde fàlàlà. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń gbé omi àti oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wọ́n lọ́kàn: bí a bá ń bọ́ ẹni tí a tì mọ́lé, ṣé òun ni à ń ràn lọ́wọ́, àbí ẹni tí ó tì í? Bí wọ́n bá sì kọ̀ tí wọn kò bọ́ ọ, ebi yóò pa ọmọ. Wọ́n bọ́ wọn. Oṣù Kẹsàn-án 2012 ni a tó ti àgọ́ náà pa.

Àwọn mìíràn ti sọdá òkun sí Tamil Nadu ní Íńdíà láti 1983. Níbẹ̀ ni àwọn ogunléndé fúnra wọn, tí agbẹjọ́rò S. C. Chandrahasan ṣe aṣáájú wọn, ti dá ẹgbẹ́ OfERR sílẹ̀. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa retí ìrẹsì nìkan. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìwé nínú àgọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn wọn ní ìtọ́jú ìlera, wọ́n sì ń bá ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ohun tí ìwé pélébé yẹn jẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìwé, ilé wo ni yóò sọ pé òun ń lọ?

Nítorí náà, Ìyá, èsì mi nìyí. Owó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n owó kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹni tí ó gbé ìbọn lè ti ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ bi ẹgbẹ́ tí ó wá gbà á léèrè: Ta ni ẹ ní níbẹ̀? Bí ọ̀nà bá dí, kí ni ẹ ó ṣe? Ogunléndé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà? Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ fún un. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ di àpò yín, kí ẹ wá òmíràn. Ẹ má ṣe tìtorí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ gbogbo wọn.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi." Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ni. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.