Ẹni tó lé akátá lọ, ta ni yóò ṣọ́ òun náà?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti níbi gbogbo tí a ti ń sọ Yorùbá ní Benin àti Togo,

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: kí Nàìjíríà, tó jẹ́ àgbà lágbègbè wa, dìde, kó sọ fún Faransé àti àwọn alágbára òkèèrè yòókù pé kí wọ́n yé dá sí ọ̀ràn ilé wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn àgbà kúkú ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó bá adìẹ wí. Ṣùgbọ́n kí a tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1823, James Monroe, ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde fún àwọn aṣòfin wọn pé àwọn ìjọba Yúróòpù kò gbọdọ̀ sọ ilẹ̀ kankan di tiwọn mọ́ ní apá ayé tiwọn. Mẹ́síkò, Kòlóńbíà àti àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì nígbà náà. Àwọn kan nínú wọn yọ̀ sí ìkéde náà. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò pè wọ́n jókòó kó tó sọ ọ́. Òun nìkan ló sọ ọ́, òun nìkan ló sì ń túmọ̀ rẹ̀.

Láàárín ọdún 1846 sí 1848, Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò jagun, ó sì gba nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1904, Theodore Roosevelt sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀ bá ń ṣe ségesège, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni yóò wọlé tọ̀ ọ́ bí ọlọ́pàá. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń jẹ́ Lùkùmí, wọ́n ti fi sínú òfin ilẹ̀ náà láti 1901 pé Amẹ́ríkà lè dá sí ọ̀ràn wọn. Ní Haiti, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti etíkun wa, sójà Amẹ́ríkà jókòó láti 1915 títí di 1934. Ẹni tó lé akátá ló padà wá ń jẹ adìẹ.

Ní 1933, ní ìlú Montevideo, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké taku títí tí gbogbo wọn fi jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìjọba tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀ràn abẹ́lé ìjọba mìíràn. Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i. Kò tán gbogbo ìṣòro: ní 1954, CIA ṣì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe lé ààrẹ Guatemala, Jacobo Árbenz, kúrò. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi bá alágbára rojọ́.

Nàìjíríà kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyá wa ni. Kétu àti Ìmẹ̀kọ kì í ṣe àjèjì síra wọn. Àmọ́ àjọbí ò kan tàánú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti bodè nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn CEDEAO ti 1979 lórí lílọ bíbọ̀ wà nílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Tòmátì àti ọ̀pẹ òyìnbó àwọn oníṣòwò wa jẹrà. Kì í ṣe Faransé ló ti bodè yẹn.

A kò sọ pé kí Faransé padà wá jọba lé wa lórí. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àwa náà jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin, kí òfin náà sì mú olùṣọ́. Ní 1975, Gowon ti Nàìjíríà àti Eyadéma ti Togo ló ṣáájú nínú dídá CEDEAO sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti sọ ọ́, kì í ṣe nínú ìkéde láti Abuja nìkan. Ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò.

Kí lẹ̀yin náà rí sí i?