Ẹ Béèrè Àmì Kí Ẹ Tó San Owó



Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá dé ìlú tí ó ní ọba ni ó rán òun wá, àwọn àgbà kì í sáré gbà á gbọ́. Wọ́n á ní: «Níbo ni ọ̀pá ọba wà?» Bí kò bá rí i fi hàn, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Lónìí, àwọn oníjìbìtì ń sọ pé ìjọba ni ó rán àwọn. Wọ́n ń ta owó kan tí a kò lè fi ọwọ́ kàn, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù nìkan. Kírípítò ni à ń pè é. Bitcoin ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, kò sì sí ìjọba tí ó dá a sílẹ̀. Oníjìbìtì yóò fi àwòrán Ààrẹ hàn yín, tàbí fídíò tí Ààrẹ ti ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ó lè fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà yóò ní: «Ẹ mú 50 000 séfà wá, yóò di 100 000 kí oṣù tó parí.»

Lójú tèmi, àwòrán kì í ṣe àmì. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Benin ní ọdún 2010. ICC Services ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, ó sì ń ṣèlérí èlé ńlá. Kì í ṣe kírípítò ni ó ń tà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Kò ní àṣẹ iṣẹ́ báǹkì. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti rí àwọn olórí rẹ̀ pẹ̀lú Ààrẹ, ọkàn wọn sì balẹ̀. Nígbà tí ó wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pàdánù owó tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Ààrẹ yọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kúrò nípò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá owó ẹnikẹ́ni padà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Orúkọ ìjọba ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọn kò béèrè ìwé àṣẹ.

Ẹnì kan lè ní: «Bí ìjọba bá gbà á ní tòótọ́ ńkọ́?» Ní ọdún 2022, ìjọba Àárín Gbùngbùn Áfíríkà sọ Bitcoin di owó tí òfin mọ̀. Ní ọdún 2022 yẹn gan-an, iye Bitcoin wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ní ọdún 2023, wọ́n yí òfin náà padà. Àṣẹ ìjọba kò lè sọ pé èrè yóò wà dandan.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? BCEAO nìkan ni ó ń gbé owó séfà tiwa jáde fún orílẹ̀-èdè 8. Ó ní ilé-iṣẹ́ ní Kútọnu àti ní Lomé, ó sì ní ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn báǹkì tí ó ní àṣẹ sí. Bí ẹnì kan bá ní ìjọba wà lẹ́yìn òun, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ lọ bi ìjọba. Bí ó bá ní kí ẹ yára, tàbí kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ dá owó yín dúró. Kírípítò tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, kò sí báǹkì tí ó lè gbà á padà fún yín.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka èyí sí etí aládùúgbò yín tí kò tíì mọ̀ ọ́n.